Orúkọ Èèyàn àti Okùn Ìdí Rẹ́nikẹ́

Nílé wa, kò dìgbà tí èèyàn bá yọjú kí a tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Pákó ni ilẹ̀ ilé, pákó ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó náà ni ọ̀nà tó so wá pọ̀ mọ́ ilé aládùúgbò, gbogbo rẹ̀ dúró lórí òpó, omi sì wà lábẹ́. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìró tirẹ̀. Bí bàbá mi bá ti òkun dé, gbogbo ilé á mì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyé, bí àwa ṣe ń pe ìyá tó bí wa nìyẹn, a máa sáré kúkúrú kúkúrú nítorí pé ẹja kì í kúrò lórí iná rẹ̀. Ìyé Àgbà, ìyá bàbá mi, a gbé ẹsẹ̀ kan, a sì wọ́ ìkejì. Búọ̀dá Dàre, àbúrò ìyá mi, tó wá gbé lọ́dọ̀ wa lọ́dún náà, a máa fo pákó kan tó ti jẹrà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì máa ṣèlérí lójoojúmọ́ pé òun máa tún un ṣe. Èmi Fúnkẹ́, wọ́n ní mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Rẹ́nikẹ́ àbúrò mi nìkan ni kò ní ìró. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì ó lé oṣù díẹ̀, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró rí. Ọdún tí mo ń sọ yìí, ìró ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń dúró dè.

Kí ẹ má rò pé ilé ìbànújẹ́ ni. Ariwo ilé wa ò jẹ́ kí ìbànújẹ́ rí àyè jókòó. Láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń wúkọ́ kó tó jí, ẹ ó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òdìkejì odò, ẹ ó gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń kí ara wọn láti ilé dé ilé láìsí ẹni tó jáde síta. Ìyé Àgbà á ti jókòó ti agbọ̀n púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a yan, á máa fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú, títí tí yóò fi kan funfun inú rẹ̀ tí a ó gún, tí a ó rò lómi gbígbóná. Òórùn ẹja yíyan wà nínú aṣọ wa, nínú irun wa, nínú ìwé ilé-ìwé mi. Tíṣà wa sọ lọ́jọ́ kan pé òun kò nílò orúkọ lára ìwé iṣẹ́ mi, imú òun ti sọ fún òun. Mo wà ní kíláàsì kẹfà nígbà náà, mo ń múra ìdánwò tí n ó fi wọ ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sílé-ìwé, mo gbọ́dọ̀ bu omi òjò láti inú dúrọ́ọ̀mù, kí n to ẹja sórí ààrò, kí n yí i lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì so Rẹ́nikẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé síso yìí fún ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọ tó bá ti ń rákò ti di ẹni tó ń gba okùn. Wọ́n á fi aṣọ rírọ̀ yí i nídìí, wọ́n á so okùn àwọ̀n mọ́ aṣọ náà, wọ́n á sì so ẹnu kejì mọ́ ìsàlẹ̀ òpó ilé. Okùn náà á gùn tó kí ọmọ lè dé etí pákó, kò sì ní gùn tó kí ó kọjá rẹ̀. Kì í ṣe ìyà rárá. Kò sí àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ní apá Ètìkàn tí wọn kò so rí, títí kan àwọn tó ti di olóyè. Èmi náà, wọ́n so mí. Okùn tèmi ló tú lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún kan àbọ̀, mo sì bọ́ sómi. Ìyé Àgbà ló bẹ́ tọ̀ mí, irun orí mi ló fi fà mí jáde. Èmi ò rántí ohunkóhun níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyé rántí fún àwa méjèèjì. Nígbà tí Rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò, Ìyé fúnra rẹ̀ ló wọn okùn, ó gé e kúrú ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ, ó sì kó ìyókù lọ fi so ọkọ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa ta kókó rẹ̀. Nígbà míì tí mo bá fẹ́ lọ jókòó ti Búọ̀dá Dàre kí n gbọ́ ohun tó ń kà, mo máa ń yí okùn náà po òpó lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Èyí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Búọ̀dá Dàre ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama, ó ń retí èsì. Bó ṣe ń retí, ó ń bá wa tún àwọ̀n ṣe, ó sì ń ka ìwé bayọ́lọ́jì rẹ̀ sókè fún àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́. Ohun gbogbo ló ní orúkọ kejì nínú ìwé yẹn. Ẹja ní, àgbọn ní, ẹ̀fọn tó ń jẹ wá náà ní. Lọ́jọ́ kan, ó kan èèyàn.

"Homo sapiens," ó kà á bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Orúkọ tí gbogbo aráyé ń jẹ́ nìyẹn. Èmi, ẹ̀yin, Fúnkẹ́, gbogbo wa."

Ìyé Àgbà gbé ọ̀bẹ kúrò lára púpurú. "Ta ló sọ wá bẹ́ẹ̀?"

"Òyìnbó onímọ̀ kan ni, Ìyé Àgbà. Ó ti pẹ́."

"Ó dé ìhín rí?"

"Kò dé ìhín."

"Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Òun kò wo ilé. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Búọ̀dá Dàre ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní tíṣà àwọn ti sọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ fáwọn, àwọn sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí òun kọ ọ́ sí wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun ní Ìgbọ́kọ̀dá. Ìyé Àgbà ní kó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ilé òun kò gba orúkọ tí kò ní ìtumọ̀, nítorí orúkọ a máa ro èèyàn, ta ló sì mọ ohun tí wọ́n ti ń pè mọ́ wa lórí látọdúnmọ́dún. "Tí o kò bá rí i, má pe ọma mi bẹ́ẹ̀ mọ́," ó wí, ó sì padà sídìí púpurú rẹ̀. Búọ̀dá Dàre rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́. Ìyé Àgbà kì í béèrè ohun kan kó gbàgbé.

Kí ìwé náà tó dé, ọ̀rọ̀ Rẹ́nikẹ́ le sí i. Obìnrin kan tó máa ń wá ra ẹja lọ́wọ́ Ìyé wo ọmọ náà níbi tó jókòó sí lẹ́bàá òpó, ó sì sọ ohun tí àwọn yòókù ti ń sọ lẹ́yìn wa. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé omi ló ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ nítorí wọn kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ìyé wọn ẹja rẹ̀ fún un, ó dúpẹ́, ó sì bú sẹ́kún nígbà tí ọkọ̀ obìnrin náà ti yí kọ́nà. Lọ́jọ́ kejì ó sọ ìpinnu rẹ̀: tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun àti Rẹ́nikẹ́ máa lọ máa gbé ní ilé àdúrà kan tó jìnnà sí wa, àwọn kò sì ní padà títí ẹsẹ̀ ọmọ náà fi mọ ilẹ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó sì lè gba ọdún kan. Bàbá mi wà lójú òkun. Ta ló máa yan ẹja? Gbogbo wọn wò mí. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo wo omi, mo sì bínú sí àbúrò mi débi pé ojú ara mi tì mí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí rẹ̀, nítorí pé ó tẹ̀ lé mi dé ibi tí okùn rẹ̀ gbé e dé, ó sì ń na ọwọ́ sí mi.

Ọjọ́ ọjà ni ìwé náà dé, wọ́n dì í sínú ọ̀rá kó má baà rin. Búọ̀dá Dàre jókòó sórí àpótí, ó ní Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni àwọn orúkọ náà. Ó ní àwọn onímọ̀ sọ pé irú èèyàn mélòó kan ti wà ṣáájú wa, ohun tí wọ́n sì rí lára ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tí wọ́n pè ní habilis, ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Erectus ni ẹni tó dúró ṣánṣán. Sapiens, tiwa, ni ọlọ́gbọ́n. Tíṣà wọn ní tó o bá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀, ohun tó jẹ́ ni kí èèyàn tọ́ nǹkan wò kó sì mọ adùn rẹ̀ yàtọ̀ sí kíkorò rẹ̀. Homo tó wà níwájú gbogbo wọn ni èèyàn, àwọn onímọ̀ sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe erùpẹ̀ ló bá a tan. Ará ilẹ̀.

Èmi kò gbọ́ èyí tó kù. Orí ẹni tó dúró ṣánṣán ni mo wà. Mo wo Rẹ́nikẹ́. "Ẹni tí kò bá lè dúró ńkọ́?" mo béèrè. "Ṣé kò sí lára wọn ni?"

Ìyé dìde kúrò níbẹ̀. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi ìdáná. Ó dùn mí pé mo béèrè. Títí di òní, tí ọmọ kan bá béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì tí mo ń kọ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó ń wò kí n tó dá a lóhùn.

Ìyé Àgbà nìkan ni kò yí ohùn padà. "Dàre, ta ló ń tú kókó àwọ̀n tí o fi gbogbo àárọ̀ ta?"

Búọ̀dá Dàre fi ọwọ́ họ orí. "Rẹ́nikẹ́ ni, Ìyé Àgbà."

"Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nìyẹn. Èyí tó ń tọ́ nǹkan wò ńkọ́?"

A ò tíì gbàgbé ìyẹn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tu omi dànù bí mo bá ti fún un mu. Mo rò pé ìwà ìbàjẹ́ ni, mo tiẹ̀ gbá a lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta ni Ìyé Àgbà gba ife náà, tó tọ́ ọ wò. Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ti lu, omi òkun sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí omi abẹ́ ilé bá kún dé ìdí rẹ̀. Gbogbo wa ti ń mu ún, àwa tí a ti dàgbà, tí iyọ̀ ti ba ahọ́n wa jẹ́. Ọmọ tí kò lè dìde ló mọ̀.

"Ọlọ́gbọ́n ni," ni Ìyé Àgbà wí. "Ó ku ìdúró, ó sì ku ilẹ̀. Mo wá ń bi yín, ìgbà wo lọma yìí fojú kan ilẹ̀ rí?"

Ẹ̀yìn la fi ń pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ọkọ̀, ìjókòó ni, nítorí ọmọ kì í dìde nínú ọkọ̀. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Nílé, ẹ̀bàá òpó ni. "Òyìnbó pè é ní ará ilẹ̀, kò mọ̀ pé orí omi la wà," ni Ìyé Àgbà wí. Ó pe ìyá mi jáde láti ibi ìdáná. "Ìyé Fúnkẹ́, ghá. Lọ́la a máa gbé ọma yìí lọ sétí òkun. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa lọ sílé àdúrà yín, n kò ní dá yín dúró."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Búọ̀dá Dàre wa ọkọ̀, a gba inú odò jáde, a gbé ọkọ̀ gun iyanrìn níbi tí igi àgbọn díẹ̀ ṣẹ́kù sí. Imọ̀ àgbọn gbígbẹ la fẹ́ ṣà pa pọ̀ mọ́ ọ̀ràn náà, nítorí Ìyé Àgbà kì í rin ìrìn kan fún nǹkan kan. Ìyé gbé Rẹ́nikẹ́ kalẹ̀ sórí iyanrìn gbígbẹ lẹ́bàá ọkọ̀. Kó tó na ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti so okùn ìdí ọmọ náà mọ́ gbòǹgbò àgbọn kan tó yọ síta. Òkun wà lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí wa ju bí ilé wa ṣe gùn lọ. Kò sí etí pákó kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà bọ́. Kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó bi í pé kí ló ń so ọmọ náà fún. Mo rí i pé kókó náà dáa, mo sì lọ ṣa imọ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn. Rẹ́nikẹ́ ti bu iyanrìn sẹ́nu, ó ti tu ú dànù, ó ti wá kọjú sí gbòǹgbò náà. Ó wo kókó yẹn bó ṣe máa ń wo tàwọn àwọ̀n. Ó fi ìka kan tì í, ó fi eyín fà á, ó tún fi ìka tì í. Okùn tú. Ó wò ó díẹ̀ bíi pé ó ń retí kí ẹnì kan pariwo mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ó rákò lọ sídìí ọkọ̀, ó di etí rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fa ara rẹ̀ sókè. Ìdí rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra, ó padà, ó tún gbéra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì wò wá láti ìdúró, òun tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti máa ń wò wá.

"Ìyé," mo pè é jẹ́jẹ́, nítorí mo bẹ̀rù pé bí mo bá pariwo, ó máa jókòó padà, kò sì ní dìde mọ́ láéláé.

Imọ̀ tó wà lórí Ìyé já bọ́. Búọ̀dá Dàre ń sọ "Àǹtí, Àǹtí, ẹ wò ó," bí ẹni pé Ìyé ń wo ibòmíì. Ìyé Àgbà nìkan ló rìn lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan ní gbígbé, ìkejì ní wíwọ́. Okùn ṣì wà ní ìdí ọmọ náà. Ó mú ẹnu rẹ̀ tó tú, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ iyanrìn kí ó má baà kọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Kò dé ilẹ̀. Ó fà á, ó fà á, ó kù díẹ̀. Bí Rẹ́nikẹ́ ṣe dúró, okùn tí a fi ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òpó nílé kò dé ilẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ọmọ yẹn ti lè dìde láti ìgbà yìí. Kò sí àyè ni.

Ìyé jókòó sórí iyanrìn. "Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo so ọmọ mi mọ́lẹ̀."

"O so ó kó má baà bọ́ sómi," ni Ìyé Àgbà wí. "Ṣé ó bọ́ sómi?"

Ìyé mi orí.

"Ó tán nìyẹn. Gbé ọma rẹ, oòrùn ti ń mú."

Ìyé sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ara tù mí, mo sì ṣa imọ̀ tó já bọ́ jọ. Èmi kò sì lanu sọ nǹkan kan nípa lílọ́ méjì tí mo máa ń fi kún ti òpó. Ọdún tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún un. Ìyé ti di arúgbó, ilé tó dúró lórí ilẹ̀ ló ń gbé báyìí, ó sì ń ṣàròyé pé ìró ẹsẹ̀ kì í jáde lórí símẹ́ǹtì. Mo ní, "Ìyé, mo máa ń fi lílọ́ méjì kún un." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Tí o bá ti lọ sílé-ìwé, èmi náà máa ń fi ẹyọ kan kún tìrẹ." Àwọn tí wọ́n fi ọgbọ́n sọ lórúkọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí a ti etí òkun dé, Ìyé gé okùn tuntun, ó gùn débi tó yẹ. Búọ̀dá Dàre tún pákó tó jẹrà ṣe kí oòrùn tó wọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ìyé lọ sí ilé àdúrà náà lóòótọ́, ọjọ́ kan péré ló lò níbẹ̀, ọpẹ́ ló lọ dú. Mo ṣe ìdánwò mi. Láàárín ìyẹn, Rẹ́nikẹ́ di òpó mú, ó di ògiri mú, ó di aṣọ ìró Ìyé mú débi pé aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, ṣùgbọ́n kò tíì ju ọwọ́ sílẹ̀.

Ó tó bí oṣù kan kó tó ṣe é. Àárọ̀ ni, mo ń yí ẹja lórí ààrò, Ìyé ń po ata, Ìyé Àgbà ṣì wà nínú yàrá. Pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ dún, ó dákẹ́, ó tún dún lẹ́ẹ̀mejì. Ìró kékeré kan ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí a mọ̀. Ìyé gbé ọwọ́ kúrò nínú ata, ó sì wò mí.

"Ta ló ń bọ̀ un?" Ìyé Àgbà béèrè láti inú yàrá.

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n a kò dá a lóhùn, nítorí a fẹ́ kó tún béèrè.